Ihò Kékeré Méjì Lára Chunbae

Èmi àti Chunbae àbúrò mi ò jọ ṣe nǹkan kan rí tí kò di ìdíje. Ìyá wa ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní bí òun bá bu ọbẹ̀ fún wa, abọ́ ẹnìkejì ni oníkálukú wa máa ń kọ́kọ́ wò. Nígbà tá a dàgbà, tá a di apẹja ní èbúté Mukho nílẹ̀ Kòríà, ọ̀rọ̀ náà kàn fẹjú sí i ni: ọkọ̀ ta ló kó ojingo, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá nì, wálé jù, ta ló mu ọtí soju jù tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yẹ̀, ọmọ ta ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, á fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, á wá fi "ẹ" náà bú mi.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn mi kọjá ti yọ gẹ̀gẹ̀, bí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ gẹ̀gẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ bẹ́. Wọ́n ní bó bá bẹ́, mi ò ní délé ìwòsàn. Lílà ni wọ́n là mí, láti ìsàlẹ̀ igbá àyà títí kọjá ìdodo. Wọ́n ṣí ibi tó wú náà, wọ́n sì rán páìpù aṣọ sípò ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà tá a jọ ń lọ sílé ìwẹ̀ gbogbogbòò lẹ́bàá èbúté ti ń pè mí ní Ẹja Lílà. Mo gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bí mo bá ti bọ́ṣọ tán, ikùn ni mo máa ń tì síwájú lọ síbi omi gbígbóná, bí ọ̀gá ológun tó gbé àmì ẹ̀yẹ sáyà. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ kẹta ni mo dìde rìn. Mo sọ fún wọn pé mi ò ké.

Dókítà tó là mí ti kìlọ̀ pé àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, pé kí àbúrò mi lọ yẹ ara ẹ̀ wò, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé sìgá ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Chunbae ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni tiyín. Ẹ má pín in fún mi." Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Malsun, ìyàwó rẹ̀, fi agídí wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Gangneung, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí tiẹ̀. Ó ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ó fẹ̀ ju tèmi lọ, mo sì mọ àbúrò mi dáadáa: inú ẹ̀ dùn díẹ̀ sí ìyẹn.

Dókítà Pyo ló mójú tó o, obìnrin kan tí kò ju ogójì ọdún lọ, tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó yẹ ẹ̀dọ̀fóró Chunbae wò, ó mi orí.

"Baba, ẹ̀dọ̀fóró yín ò lè gba lílà. Sìgá ti jẹ ẹ́. Àmọ́ ọ̀nà míì wà. A ó ṣí ihò kékeré méjì síbi tí itan yín ti pàdé ikùn, a ó gba ibẹ̀ ti páìpù aṣọ kan tó ní wáyà lára gba inú iṣan lọ sókè. Tó bá débẹ̀, á ṣí ara ẹ̀ bí agboòrùn. Inú ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á máa gbà, kò ní máa ti ibi tó wú yẹn mọ́."

"Ẹ ò ní là mí?"

"A ò ní là yín."

Chunbae yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Dókítà náà ò tíì sọ tán. Ó ní ohun tí wọ́n tì wọlé ò dà bí èyí tí wọ́n fọwọ́ rán. Ó lè yọ̀ kúrò nípò, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ibi tó wú á sì tún máa wú lọ láì dun ẹni tó ni ín. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹ̀ kó sì dínà ẹsẹ̀. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, kó sì máa wá lọ́dọọdún títí ayé ẹ̀. Malsun ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Chunbae ń wo ojú fèrèsé.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kó tó wá sílé ìwẹ̀. Ó bọ́ṣọ, ó dúró sáàárín àwọn àgbààgbà, ó gbọ́wọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ wá wò ó. Ẹni tójú ẹ̀ ò bá ríran, kó lọ mú awò ojú ẹ̀ wá. Ihò méjì péré. Ẹ̀fọn ti ṣe mí jù báyìí lọ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi níbi tí mo jókòó sí nínú omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ayé ti lajú. Ẹja nìkan ni wọ́n ṣì ń là."

Orúkọ tí wọ́n ti ń fi bọ̀wọ̀ fún mi lọ́dún mẹ́sàn-án di yẹ̀yẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ. Mo ní, "Tèmi, wọ́n rán an. Tìẹ, wọ́n kàn kì í bọ ibẹ̀ bíi páìpù inú gọ́tà ni. Ọjọ́ tó bá máa yọ, má pè mí o."

Gbogbo ilé ìwẹ̀ rẹ́rìn-ín. Chunbae náà rẹ́rìn-ín. Ó wọnú omi wá bá mi, mo sì fi kànrìnkàn bá a ha ẹ̀yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Láti ọjọ́ yẹn, bá a bá ti pàdé, ohun tí mo fi ń kí i ni, "Páìpù ń kọ́?" Òun á ní, "Kò jò."

Àyẹ̀wò oṣù àkọ́kọ́ dára, èmi àti Malsun ló sìn ín lọ. Ti oṣù kẹfà, ó lóun á dá lọ. Ó ní kí ni wọ́n ń tẹ̀ lé òun bí ọmọdé sí? Nígbà tó dé, ó ní dókítà sọ pé ara òun le débi pé òun lòun máa sin Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó pé ọdún kan, ó tún dá lọ, ó tún sọ ohun kan náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo ń yí ojingo tá a sá sórí ọ̀pá létíkun, kí oòrùn lè mú ìhà kejì, Malsun sì wá bá mi níbẹ̀. Kò bọ́ épírọ́ọ̀nù tó fi ń dáná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan pè láti Gangneung. Ó ní kí n bá àwọn bẹ ọkọ mi, Baba Soran, kó wá. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ti pè é tí kò gbé fóònù. Ó ní jíjò yẹn ti le sí i." Ó ń wo ẹnu mi. "Jíjò wo?"

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá Chunbae, ó ń kun ọkọ̀ tí kò gbé lọ sókun mọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Mo ní, "Chunbae, páìpù ń kọ́?"

"Kò jò."

"Gangneung ti pe ìyàwó ẹ."

Ó rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sórí agolo ọ̀dà. "Láti oṣù kẹfà ni. Wọ́n ní ó ń jò díẹ̀, ká ṣì máa wò ó ná. Nígbà tó pé ọdún, wọ́n ní ibi tó wú yẹn ti fẹ̀ ju bó ṣe wà kí wọ́n tó ṣe é lọ, páìpù náà sì ti yọ̀ wá sísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá kí wọ́n dí i."

"O ò sì sọ fún ẹnì kankan."

"Kí n sọ fún ta? Fẹ́yin?" Ìgbà yẹn ló tó wò mí lójú. "Ṣebí ẹ ti sọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ lójú gbogbo èbúté. Mo ní dípò kí n fún yín láyọ̀ yẹn, kí n ní sùúrù díẹ̀, bóyá á dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, òun jẹ́ méjìléláàádọ́rin, àwa méjèèjì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò ìyá ẹ̀.

Mo ní, "Jẹ́ ká lọ lọ́la." Ó gbà.

Iṣẹ́ kejì yẹn gba wákàtí mẹ́rin. Wọ́n fi páìpù kúkúrú míì kún ti àkọ́kọ́ lókè, wọ́n sì dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jò. Dókítà Pyo jáde wá bá wa, ó ní ó lọ dáadáa. Malsun di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Chunbae ní ẹsẹ̀ òsì òun tutù. Mo rò pé bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ká kúrò lórí ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ẹja tó ti sùn lórí yìnyín, ó sì funfun bí àbẹ́là. Nọ́ọ̀sì tó wọlé fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù lórí ẹsẹ̀ náà, ó wá a títí, ó bá sáré jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú apá páìpù tó lọ sí ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n gbé e padà wọlé, wọ́n ṣí itan ẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Ẹsẹ̀ náà ò padà bọ̀ sípò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti dúdú láti ọmọ ìka lọ sókè. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Dókítà Pyo fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún wa. Ó dúró, kò jókòó. Ó tẹrí ba fún Malsun, ó ní ó dun òun. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíi mélòó kan, àti pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti mu sìgá pẹ́ máa ń yá láti dì. Òótọ́ ló sọ. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ìwé kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún, ta ló máa ń rò pé orúkọ àbúrò òun ni wọ́n ń pè?

Nígbà tí Chunbae jí, tó rí ibi tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ti rọ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó wá mi kiri yàrá títí ojú ẹ̀ fi bà lé mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ti gé mi báyìí. Ó ti tó?"

Kò ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tó délé, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Mo ń bá Malsun gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́, mo ń gé èékánná ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní òun fẹ́ wọ omi gbígbóná. Mo pọ̀n ọ́n wọlé ìwẹ̀. Ó ti fúyẹ́, kò nira fún mi. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rí wa. Ẹnì kan gbé àpótí ìjókòó wá. Ẹnì kejì bu omi. Wọ́n ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ yí i ká bí ẹni tó wọlé òkú.

Chunbae ní, "Ẹ wí nǹkan sí mi. Ó kéré tán, ẹ ní mo ti di ojingo tó já lẹ́sẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè wí nǹkan kan. Mo ha ẹ̀yìn ẹ̀, mo da omi lé e lórí, mo pọ̀n ọ́n jáde. A ò lọ mọ́.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà Pyo yí fọ́tò inú ikùn ẹ̀ sí wa. Ibi tó wú náà ti tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ó ṣì ń jò. Ó ní kò síbi tí òun tún lè gbà ti nǹkan kan wọlé mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n là á, kí wọ́n yọ gbogbo páìpù náà, kí wọ́n sì rán òmíràn sí i.

Malsun ní, "Ṣebí ẹ ní ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò lè gbà á."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò tíì yí padà. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá rí bíi ti Baba, mẹ́rin tàbí márùn-ún lè má jí mọ́."

"Tá ò bá ṣe é?"

"Á bẹ́. Mi ò lè dá ọjọ́ fún un."

Ó ní ká lọ fi ọ̀sẹ̀ kan rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Chunbae níbi tó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rán Malsun pé kó lọ ra tofu, wàrà ẹ̀wà sóyà, wá, pé òun fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ti pa dé, ó ní, "Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣakọ. Báwo ló ṣe rí nígbà tí wọ́n là yín?"

Mo ti pa irọ́ yẹn fún ọdún mọ́kànlá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òótọ́ lójú ara mi. Mo ronú láti tún un pa. Bí mo bá ní kò le, á lọ ṣe é. Ó lè là á já. Ó sì lè jẹ́ pé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni mo máa tì í lọ kú sí.

Mo ní, "Kì í ṣe ọjọ́ kẹta ni mo rìn. Ọjọ́ kọkànlá ni. Wọ́n ti páìpù bọ̀ mí lọ́fun, mi ò lè sọ̀rọ̀, mo ń fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ìyàwó mi pé kó fà á yọ kí n lè kú. Wọ́n so ọwọ́ mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, mo ń ké pe Ìyá wa bí ọmọ ọwọ́. Mo ṣu sára níwájú àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Bí mo bá húkọ́, mo máa ń rò pé ikùn mi ti ya. Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó lè gbé garawa omi. Ẹ̀dọ̀fóró tèmi sì dá ṣáká nígbà yẹn, Chunbae. Ẹsẹ̀ mi pé méjì."

Ó ní, "Ìyàwó yín ò sọ fún wa rí títí tó fi kú."

"Mo bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ ṣeun," ó ní. Mi ò rántí ọjọ́ kan tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láì fi ta mí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ó sọ fún Dókítà Pyo pé òun ò ṣe. Malsun sunkún. Soran, ọmọ wọn, gbéra láti Wonju, ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ohun tó ń sọ fún wọn kò ju pé, "Mo ti gbọ́ bó ṣe máa ń rí." Kò sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òun àti Malsun ń bó áyù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo ń wọlé. Ó gbójú sókè bí ẹni fẹ́ kí mi. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi," ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú ẹ̀ ti dà bí eérú. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi. Ikùn ẹ̀ ti le bíi pákó. Ó ń wo òrùlé, ètè ẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Malsun ń tẹ fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti kú kí wọ́n tó dé.

A sin ín sórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, a gbé oúnjẹ àti ọtí lọ sójú oórì bí a ti ń ṣe. Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, Soran ti ṣíwájú, Malsun dúró dè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tó rán mi lọ ra tofu, kí lẹ sọ fún un?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan èyí tó tì mí lójú jù. Mo fi kún un pé, ó kéré tán, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nínú ilé ara ẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

"Ìfọ̀kànbalẹ̀ wo?" ó ní. Kò gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin máa ń lọ sílé yín nírọ̀lẹ́. Tó bá di àárọ̀, á gbé ọwọ́ mi lé ikùn ẹ̀, á ní kí n sọ bóyá ó ń lù ju ti àná lọ. Kì í jẹ́ kí n tan rédíò, torí kó lè máa gbọ́ ọ. Tó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ojoojúmọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi á ní bákan náà ni, kò yàtọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó yàtọ̀."

"Ṣé ó yẹ kí n ti purọ́ fún un ni?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ má wá bá mi kí n sọ fún yín pé ẹ ṣe dáadáa. Ẹ má sì wá bá mi kí n ní ẹ̀yin lẹ pa á. Mi ò ní sọ ìkankan nínú méjèèjì."

Ó gbé agbọ̀n oúnjẹ sápá kejì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń wo ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ sí.

Kí òtútù tó dé, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ Soran ní Wonju. Mo máa ń pè é lọ́jọ́ Sunday. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, n ó ní mo ti jẹun. N ó bi í bóyá òtútù ò pọ̀ jù lọ́hùn-ún, á ní kò pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà á ní owó fóònù mi ń lọ, a ó sì gbé e sílẹ̀.